Orin ń dún, àmọ́ ẹni tí mo pè kò gbọ́ mi

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọbàńtokò ni mò ń gbé, Òkè-Mosàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tòkunbọ̀ ni mọ́tò mi, ọmọ 2012, rédíò tó bá a wá láti Amẹ́ríkà ló ṣì wà nínú rẹ̀. Fóònù mi wọ Bluetooth rẹ̀ dáadáa, orin àti ìwàásù ń dún geere. Ṣùgbọ́n tí mo bá pe èèyàn, wọ́n á ní àwọn ò gbọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ṣe ló dà bíi pé inú kànga ni mo wà. Èkejì, bọ́tìnnì kan wà lára sítíárìn tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó dárúkọ ẹni tó fẹ́ pè. Mo ní kó pe Gbenga, Benjamin tó ń bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ló ń pè. Réwáyà mi ní kí n yọ rédíò náà dànù kí n ra panẹ́ẹ̀lì Android. Owó ńlá ni. Ṣé òótọ́ ló sọ, àbí ọ̀nà mìíràn wà?"

* * *

Àǹtí mi, ẹ má ra nǹkan kan ná. Iṣẹ́ rédíò mọ́tò ni mò ń ṣe ní Asẹ̀rò, níbí ní Abẹ́òkúta. Panẹ́ẹ̀lì Android tí réwáyà yín dárúkọ, ìyẹn rédíò ojú ńlá tó ń ṣiṣẹ́ bíi fóònù, èmi náà ń tà á, èrè rẹ̀ sì dáa. Síbẹ̀ mi ò ní fẹ́ kẹ́ ẹ fi owó yín ra ohun tẹ́ ẹ kò nílò. Irú ẹjọ́ yìí ti dé ṣọ́ọ̀bù mi láìmọye ìgbà, rédíò gan-an kì í sábà jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn pé orin ń dún kò jẹ́rìí sí ìpè rárá. Ọ̀nà tí orin ń gbà láti inú fóònù wọ rédíò, A2DP ni wọ́n ń pè é, àlọ nìkan ló ní, kò ní àbọ̀. Ọ̀nà ìpè yàtọ̀, HFP ni tiẹ̀, ohùn ń lọ, ohùn ń bọ̀. Ẹ̀kẹta tún wà tí wọ́n ń pè ní PBAP, òun ló ń kó orúkọ inú fóònù wọ inú mọ́tò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dá wà. Ọ̀kan lè ṣí kí èkejì tì. Ẹ wọ Settings fóònù yín, ẹ lọ sí Bluetooth, ẹ tẹ orúkọ mọ́tò yẹn fúnra rẹ̀. Lórí Android, ẹ ó rí "Calls" tàbí "Phone calls", ẹ ó rí "Media audio", ẹ ó sì rí èyí tó ń sọ nípa "Contacts". Kí gbogbo wọn wà ní títàn. Mo ti rí ẹni tó ti fọwọ́ kan ti ìpè pa láìmọ̀, tó sì ti ń wá mẹkáníìkì kiri.

Tí gbogbo rẹ̀ bá wà ní títàn, ẹ dán èyí wò lálẹ́ òní nínú ọgbà yín, kẹ́ ẹ má wa mọ́tò lọ síbì kankan. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ ti gbogbo gíláàsì, ẹ pe ẹnì kan tó jókòó sílé tí kò ní tàn yín. Ẹ ka oókan dé ogún fún un bí ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ẹ má pariwo. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ tún ka. Ẹ tan AC, ẹ tún ka. Ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀, ẹ tún ka. Kí onítọ̀hún sọ ibi tí ohùn yín ti bàjẹ́ fún yín gan-an. Tí ó bá jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, nígbà tí ohun gbogbo dákẹ́ rọ́rọ́, a jẹ́ pé máìkì tàbí wáyà rẹ̀ ni. Tí ó bá jẹ́ ìgbà tí gíláàsì sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ariwo ni, ìyẹn sì ní oògùn tirẹ̀.

Ẹ má tíì gé ìpè náà o. Ẹ tẹ fóònù kó kúrò lórí mọ́tò bọ́ sórí súpíkà tirẹ̀, kẹ́ ẹ tún sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fi ń ṣe ìdájọ́ nìyẹn.

* * *

Mo ti ka ohun tí ẹ̀yin yòókù kọ. Apá mẹ́ta lẹ pín sí. Àwọn kan ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Àwọn kan ní Bluetooth mọ́tò náà ti gbó. Àwọn tó pọ̀ jù lọ ní ohùn wa ni kò yé ẹ̀rọ òyìnbó, kí àǹtí máa fi imú sọ ọ́ bí ará Amẹ́ríkà.

Nẹ́tíwọ̀kì: ìdí tí mo fi ní kí wọ́n gbé ìpè kan náà bọ́ sórí súpíkà fóònù nìyẹn. Ibì kan náà, síìmù kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Tí ohùn bá wá mọ́ lójijì, nẹ́tíwọ̀kì ti jàre.

Bluetooth tó gbó: òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìgbà 8,000 ni HFP àtijọ́ ń wọn ohùn èèyàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 2011 ni ẹ̀dà 1.6 dé tó sọ ọ́ di 16,000, òun ló jẹ́ kí ìpè inú àwọn mọ́tò tuntun máa dún bíi pé ẹni náà jókòó ti èèyàn. Mọ́tò 2012 lè má ní ti tuntun yẹn, torí pé kó tó dé inú mọ́tò, ó máa ń pẹ́. Àmọ́ ohun tí HFP àtijọ́ ń ṣe ni pé ó ń mú ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìpè fóònù ayé ọjọ́un. Gbogbo wa la fi fóònù yẹn sọ̀rọ̀, a sì gbọ́ra wa yé. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ohùn inú kànga.

Ti pé ohùn wa ò yé ẹ̀rọ ló dùn mí jù, torí ó ń mú kí àwọn èèyàn wa máa tijú ẹnu ara wọn nínú mọ́tò tí wọ́n fi owó wọn rà. Ẹ gbọ́ ná. Ẹ̀gbọ́n àǹtí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ ìyá kan náà, tó ti ń gbọ́ ohùn wọn láti kékeré, òun ló ní òun ò gbọ́ wọn. Ṣé òun náà ò gbọ́ Yorùbá ni? Tí ẹni tó mọ̀ yín dunjú kò bá gbọ́ yín, báwo ni rédíò ṣe máa gbọ́? Máìkì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń lò. Ohun tí máìkì kò bá gbé, èèyàn kò lè gbọ́ ọ, ẹ̀rọ kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ tún etí ṣe kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹnu lẹ́jọ́.

* * *

Ẹnì kan béèrè ibi tí máìkì náà máa ń wà. Ó yàtọ̀ láti mọ́tò sí mọ́tò. Èyí tí mo rí jù ni ó wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná inú mọ́tò, lẹ́yìn àwọn ihò wẹ́wẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ó lè wà nítòsí dígí ìwẹ̀yìn, tàbí lára ìdérí ẹ̀yìn sítíárìn. Nínú panẹ́ẹ̀lì Android, ihò kékeré kan tí wọ́n kọ MIC sí ní ojú rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ojú ihò mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n lè ki máìkì oníwáyà bọ̀.

Ohun tó ń pa á ní ìlú wa níbí kò pọ̀. Ẹni tó pàrọ̀ aṣọ òrùlé mọ́tò tí kò dá wáyà máìkì padà. Ẹni tó ń fọ mọ́tò tó fi kànìnkànìn olómi ọṣẹ nu òkè. Eruku ọyẹ́ tó di àwọn ihò yẹn pa, burọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ sì tó fún ìyẹn. Àti ẹni tó fi panẹ́ẹ̀lì sí i tó sì ń kánjú.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ sọ. Ọkùnrin kan gbé mọ́tò rẹ̀ wá láti Lafẹ́ńwá. Oṣù méje ló ti ń fi panẹ́ẹ̀lì tuntun pariwo. Ó ní ìyàwó òun ti sọ pé kí òun má fi mọ́tò pe òun mọ́. Mo yọ panẹ́ẹ̀lì náà bọ́ síwájú, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò ibẹ̀. Láàárín ìdìpọ̀ wáyà ni mo ti rí i: máìkì tó tó orí ìka àtàǹpàkò, inú ọ̀rá tó bá a wá ló ṣì wà, wáyà rẹ̀ ká jọ róbótó, okùn tín-ín-rín tí wọ́n fi dì í láti ibi tí wọ́n ti ṣe é kò tíì tú. Wọ́n ki orí wáyà náà bọ panẹ́ẹ̀lì lóòótọ́, wọ́n sì ti máìkì sẹ́yìn, ibi tí fáànù AC ń fẹ́ sí. Oṣù méje ni ọkùnrin yẹn ti ń bá ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀.

Mo tú okùn yẹn. Mo fa wáyà gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo gbé e gba inú òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú ní ọwọ́ awakọ̀, mo ṣọ́ra kí n má gba iwájú àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń tú nígbà ìjàm̀bá, mo so máìkì mọ́ òkè òpó náà, ó kọjú sí ẹnu rẹ̀. Mo wọ ibi ìtòlẹ́sẹẹsẹ panẹ́ẹ̀lì, mo yí máìkì sí ti ìta, torí ti inú ló wà tẹ́lẹ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó béèrè pé, "Ṣé o ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni?"

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kí àǹtí ra panẹ́ẹ̀lì, panẹ́ẹ̀lì náà lè bá a dé ibi kan náà. Ẹni tó ń fi nǹkan sí i ṣe pàtàkì ju nǹkan tí wọ́n ń fi sí i lọ.

* * *

Gbohùngbohùn: ẹni tó kọ̀wé láti Adìgbẹ ní àwọn tí òun ń pè máa ń gbọ́ ohùn ara wọn tó ń padà bọ̀, òun alára kò sì gbọ́ nǹkan kan tó burú, nítorí náà fóònù tiwọn ló bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, òdìkejì rẹ̀ ni. Tí ẹni tẹ́ ẹ pè bá ń gbọ́ ara rẹ̀, inú mọ́tò yín lohùn ti ń padà. Ohùn rẹ̀ jáde láti súpíkà yín, máìkì yín gbé e, ó dá a padà fún un. Rédíò ní ohun tó fi ń yọ ohùn yẹn kúrò, àmọ́ tí súpíkà bá ti ń ké jù, kò ní ká a mọ́. Ẹ dín ohùn ìpè kù nígbà tí ìpè ń lọ lọ́wọ́, torí ọ̀pọ̀ rédíò ló ya ohùn ìpè sọ́tọ̀ sí ti orin. Tí ẹ bá fi àǹpù ńlá sínú búùtù, ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún pè. Àwọn àǹpù kan máa ń fi ohùn falẹ̀ díẹ̀ kó tó jáde, ìfàsẹ́yìn kékeré yẹn sì ti tó láti da ohun tó ń yọ gbohùngbohùn rú.

* * *

Ó wá ku Gbenga àti Benjamin. Níbí, mo fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ohùn wa ní ẹ̀tọ́ díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹnu àǹtí ló ní ẹ̀bi.

Ẹ mọ ohun tí rédíò àtijọ́ ń ṣe. Ó kó orúkọ láti inú fóònù yín, ó wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó sì fi òfin kíka Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà rò ó bí ó ṣe yẹ kó dún. Kò ní "gb" nínú ìró tó mọ̀. Kò mọ̀ pé òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ń yí ìtumọ̀ padà. Ó rí "Gbenga", ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ó rí "Sade", ó retí kẹ́ ẹ pe nǹkan tó jọ "Séèdì". Ẹ wá pe Ṣadé bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́, ó wá a nínú ohun tó kọ sílẹ̀, kò rí i, ó mú èyí tó jọ ọ́ jù. Bí Benjamin ṣe di ẹni tí wọ́n ń pè nìyẹn. Pé ẹ fi imú sọ ọ́ kò ní tún un ṣe, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa pe àbúrò yín bí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ní káwọn oníbàárà mi ṣe ni kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ sínú fóònù. Ẹ̀rọ máa ń gbọ́ orúkọ gígùn ju kúkúrú lọ. "Tolu" nìkan, tí Tola, Tope àti Toyin sì wà níbẹ̀, wàhálà ni. Àwa náà kúkú ní àṣà tó ràn wá lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀: Sikira Kuto, Iya Adire Itoku, Wale Panseke. Ẹ fi àdúgbò tàbí iṣẹ́ kún orúkọ, kẹ́ ẹ sì pe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn tó ní "Mummy" mẹ́rìnlá àti "Alhaji" mẹ́sàn-án, ẹ gbé orúkọ ẹni náà ṣíwájú, kẹ́ ẹ fi oyè sẹ́yìn. Tí gbogbo wọn bá ń bẹ̀rẹ̀ bákan náà, ẹ̀rọ náà yóò ti ṣe ìpinnu kó tó gbọ́ ìyókù.

Fún Gbenga, ẹ lọ́ra kí ẹ tó kọ ọ́ sí "Benga". Mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Kò dùn mọ́ mi, kò sì yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀ dán an wò. Lórí iPhone, àyè kan wà nínú àtúnṣe orúkọ tí èèyàn lè kọ bí wọ́n ṣe ń pè é sí, lọ́tọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Siri, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ àṣẹ ohùn nínú iPhone, ń lò ó. Nípa bẹ́ẹ̀ orúkọ ọmọ yín ṣì pé lójú fóònù.

Ọ̀rọ̀ àmì náà wà níbẹ̀. Èmi fẹ́ràn kí wọ́n kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n rédíò àtijọ́ kan kò ní ẹ, ọ àti ṣ wa tó ní àmì lábẹ́ nínú lẹ́tà rẹ̀. Ó máa ń fi àpótí òfìfo tàbí àmì ìbéèrè rọ́pò wọn. Oníbàárà mi kan fi sùúrù kọ orúkọ gbogbo ẹbí rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú àmì, rédíò mọ́tò rẹ̀ kò dá ẹnì kankan mọ̀ nínú wọn. A ní láti yọ àmì kúrò lórí àwọn tó ń pè jù. Ó dùn wá àwa méjèèjì.

* * *

Ẹnì kan ní Google ti gbọ́ Yorùbá báyìí, kí àǹtí kàn sọ Yorùbá sí mọ́tò. Ẹ dúró ná. Lóòótọ́, ní 2024 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí èèyàn lè fi ẹnu sọ kí fóònù kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kó bá a wá nǹkan. Ìyẹn wà nínú fóònù. Rédíò tí wọ́n ṣe ní 2012 kò gbọ́ nípa rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Sípáníìṣì ni mo sábà máa ń bá nínú tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà.

Ohun tó yẹ ká yà sọ́tọ̀ ni pé etí méjì ló wà. Etí ti mọ́tò, kò nílò dátà, àmọ́ ohun díẹ̀ ló mọ̀. Etí ti fóònù, ó mọ nǹkan púpọ̀, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ fẹ́ dátà. Nínú àwọn mọ́tò tó ní Android Auto tàbí CarPlay, ìyẹn ohun tó ń gbé iṣẹ́ fóònù wá sójú rédíò, tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì sítíárìn fẹ́rẹ́, ti mọ́tò lẹ sábà máa ń pè. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ti fóònù ló ń dáhùn. Ẹni tó ní òun gbádùn rẹ̀ nínú ìlú ṣùgbọ́n tó dákẹ́ lójú ọ̀nà Ṣágámù, ti fóònù ló ń lò, dátà ló sì já. Ẹ yí èdè ohùn Google yín sí Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà, ó wà nínú èdè tí wọ́n tò síbẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Amẹ́ríkà hàn sí mi kedere nígbà tí mo yí tèmi.

Kí ẹ sì dúró kó dún kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ "call" kí ìró yẹn tó jáde, ẹ̀rọ á wá gbọ́ orúkọ nìkan láìní iṣẹ́ kankan. Tẹ́ ẹ bá ń ka nọ́ńbà, ẹ má sọ "double three". Ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí bọ́tìnnì tirẹ̀ kò dáhùn rárá, ẹ tẹ fèrè, ẹ tẹ ibi ohùn rédíò lára sítíárìn. Tí àwọn náà bá ti kú, ẹ má fọwọ́ kan rédíò. Wáyà kíká tó wà lẹ́yìn sítíárìn, tí àwọn réwáyà ń pè ní clock spring, ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Nínú tòkunbọ̀ tí àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti tú rí, ó máa ń já.

* * *

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin méjì kan lórí bóyá gbogbo èyí tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ní òun ń fi èjìká àti etí mú fóònù láti ọdún pípẹ́, kò sì sí ohun tó ṣe òun. Èkejì ní tí ọwọ́ èèyàn bá ti wà lórí sítíárìn, kò sí ewu mọ́.

Mi ò bá ìkankan nínú yín lọ. Fífi ọwọ́ lo fóònù lórí ìrìn wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí FRSC ń torí ẹ̀ dá èèyàn dúró, ẹ mọ ìyẹn. Àmọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo náà, ọkàn rẹ̀ lè má sí lójú ọ̀nà. Ìwádìí kan tí AAA Foundation, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ààbò ojú ọ̀nà, gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2015, tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Utah ṣe, rí i pé lẹ́yìn tí èèyàn bá ti pàṣẹ fún mọ́tò pẹ̀lú ohùn tán, ọkàn rẹ̀ lè má padà tán sórí ìwakọ̀ títí di ìṣẹ́jú àáyá 27, nínú àwọn ẹ̀rọ tó burú jù. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan yóò ti rin 450 mítà. Ní ọ̀nà Ewékorò, níbi tí tírélà sìmẹ́ńtì ti ń yí padà sójú ọ̀nà, 450 mítà pọ̀ jù.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ máìkì fi ká mi lára tó báyìí nìyẹn. Ẹ̀rọ tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ á parí. Èyí tí kò gbọ́, ẹ ó tún un sọ, ẹ ó bínú, ẹ ó wo ojú rẹ̀, ẹ ó nawọ́ sí fóònù nígbẹ̀yìn. Mo ti jókòó ti ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Sápọ́n, ọlọ́kadà kan yọ síwájú wa, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń tẹ búréèkì tí kò sí lọ́dọ̀ mi. Tí ìpè bá gùn, ẹ páàkì.

* * *

Kíá lórí mẹ́ta tó kù. Ẹni tí ìpè rẹ̀ máa ń dúró sójú kan láìdún: síìmù méjì ni. Fóònù ń béèrè síìmù tẹ́ ẹ fẹ́ fi pè lójú tirẹ̀, nínú àpò yín, ẹ ò sì rí i. Ẹ yan ọ̀kan fún ìpè nínú Settings, kó má béèrè mọ́.

WhatsApp: ìpè rẹ̀ lè má bọ́ sórí rédíò àtijọ́ fúnra rẹ̀. Lójú ìpè náà, ẹ tẹ àmì súpíkà, kẹ́ ẹ yan Bluetooth, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbéra ni.

Ẹni tí ìpè rẹ̀ ń sọnù láàárọ̀ nígbà tó ṣì wà nínú ilé: ìyàwó yín ti tan mọ́tò níta, fóònù yín sì ti bá a so. Ẹ sọ fún mọ́tò kó fi fóònù tiwọn ṣáájú.

* * *

Àǹtí ti padà wá. Wọ́n ní àwọn dán an wò lálẹ́ àná. Ẹ́ńjìnì pípa, gíláàsì títì, kànga náà ṣì ni. Wọ́n gbé e bọ́ sórí súpíkà fóònù, ohùn mọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí wọn ò sọ tẹ́lẹ̀: pé aṣọ òrùlé mọ́tò náà jábọ́ lọ́dún tó kọjá, àwọn sì gbé e fún ẹni tó ń rán ìjókòó mọ́tò ní Kútọ̀ láti pàrọ̀ rẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá ó kàn án.

Ó kàn án o, àǹtí mi. Ẹni tó fẹ́ yọ aṣọ òrùlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ iná òkè, máìkì yín sì lè wà lẹ́yìn iná yẹn gan-an. Bóyá ó fà á já, bóyá ó gbàgbé láti kì í padà, bóyá aṣọ tuntun náà ló bo àwọn ihò rẹ̀. Pé wọ́n ń gbọ́ yín díẹ̀ látinú kànga jẹ́ kí n máa fura sí èyí tó kẹ́yìn, tàbí kí máìkì ti bọ́ kúrò ní ààyè rẹ̀ kó dùbúlẹ̀ sórí aṣọ náà, torí tí wáyà bá já pátápátá, wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan rárá.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún òrùlé tú. Pẹlẹbẹ ike tín-ín-rín ni kí wọ́n fi ṣí ìdérí iná náà, kí wọ́n má fi ọ̀bẹ tàbí súkúrúdíráfà ṣe é, kó má fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀. Wáyà wẹ́wẹ́ tó wọ ihò ike funfun kékeré kan ni wọ́n máa wá. Tó bá wà ní kíkì, kí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wọlé tán. Kí wọ́n wo bóyá máìkì kọjú sí ihò rẹ̀, bóyá gúlúù tí wọ́n fi lẹ aṣọ kò dà sí i lójú.

Kí ẹ sì ṣe ti Gbenga lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe ṣáájú, ká lè mọ èyí tó jẹ́ ti máìkì àti èyí tó jẹ́ ti orúkọ. Tí wọ́n bá ti ṣí òkè, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ síbí fún mi kí réwáyà tó gé wáyà kankan.